Káàdì Wi-Fi sínú dẹ́sìtọ́ọ̀pù kan ní Alékúwodò

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ni, ní Alékúwodò nílùú Òṣogbo, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ti ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì, tí àwọn òbí sì ti ń yẹ èsì WAEC ọmọ wọn wò. Dẹ́sìtọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀: tòkunbọ̀ ni, Core i5 ìran kẹta, RAM 8 GB, Windows 10, nínú àpótí pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń tà á ń pè ní SFF. Ẹjọ́ tí wọ́n mú wá ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Fáìlì á lọ dé ìdajì, á já. Wọ́n á máa san owó ilé-ìwé lọ́wọ́, ojú ìwé á funfun, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá owó ti lọ tàbí kò lọ. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ síìmù inú ráútà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn sípíyù.

Dóńgù Wi-Fi kan, ohun kékeré tí ẹ̀rọ fi ń gba Wi-Fi, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ 150 Mbps sí i lára, wọ́n fi í sínú ihò USB aláwọ̀ búlúù, ìyẹn USB 3.0, háádì dísìkì àgbélọ́wọ́ sì wà nínú ihò tó fara kàn án. Sípíyù fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì onírin, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ráútà 4G wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, lójú fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ni sígínà máàsì ti ń wọlé dáadáa. Láàárín àwọn méjèèjì, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà, àti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì tí kì í ṣe tiwọn.

Síìmù ló jẹ̀bi ni, àbí dóńgù?

Àṣẹ kan péré ló yanjú ìyẹn. Wọ́n ṣí Command Prompt, wọ́n tẹ ping -n 100 192.168.1.1. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni ti ráútà. Ó lè yàtọ̀ láti ilé sí ilé, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ipconfig, ó máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Default Gateway. Ping ń rán ìránṣẹ́ kékeré lọ, ó sì ń retí èsì. Eléyìí kì í jáde nílé. Ọ̀dọ̀ ráútà ló ń lọ, ibẹ̀ náà ló ti ń bọ̀, síìmù ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n rán, 11 sọnù, àwọn mìíràn sì lo mílísẹ́kọ́ńdì 900 kí wọ́n tó padà dé. Láàárín ẹ̀rọ àti ráútà tó wà nínú ilé kan náà, mílísẹ́kọ́ńdì 2 sí 5 ló yẹ kó jẹ́. Síìmù méjì tí wọ́n ti pààrọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àṣẹ kejì ni netsh wlan show interfaces. Ó ní Signal 46%, Channel 6, 802.11n, Receive rate 13. Ìdá ọgọ́rùn-ún tí Windows ń fi hàn yìí, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ 100 kúrò: 46 á di 23, 23 á di −77 dBm, ìwọ̀n agbára sígínà. Èyí tó bá súnmọ́ òdo ló lágbára. −50 dára gan-an, −67 ṣì ń gbé iṣẹ́ láìyọni lẹ́nu, bó bá ti kọjá −75 wàhálà ti dé.

Háádì dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn. USB 3.0 máa ń pariwo lórí 2.4 GHz, ìgbì tí dóńgù yẹn ń lò, gan-an nígbà tí dátà bá ń kọjá nínú rẹ̀. Intel ti tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ láti 2012. Dóńgù tí eríàlì rẹ̀ kò ju ìlà kékeré kan lọ, tó jókòó ti ariwo yẹn, tí irin sípíyù sì dí i lójú, kí ló fẹ́ gbọ́?

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi í sẹ́nu okùn USB mítà kan, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Sígínà gòkè sí 58%, èyí tó ń sọnù sì lọ sílẹ̀ sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè dúró síbẹ̀, owó okùn náà ò tó nǹkan. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, 4 ṣì ti pọ̀ jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 17 ni dóńgù yẹn ń rí láyìíká, gbogbo wọn lórí 2.4 GHz, níbi tí chánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré kò ti gun ara wọn lórí: 1, 6 àti 11. Ráútà wọn ní 5 GHz, dóńgù ni kò ní.

Wáyà ló dára jù, a ò gbọdọ̀ fi bò. Okùn Cat6 mítà 25, ihò LAN tó ti wà lẹ́yìn sípíyù tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Lánlọ́ọ̀dù ni ò gbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ni, kò sì fẹ́ wáyà kankan lára ògiri òun, kí á má tíì sọ pé ẹnìkan fẹ́ dá ihò sí i.

Káàdì wo?

Àbúrò àǹtí náà ti sáré ra ọ̀kan kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Páálí rẹ̀ gbé 5400 Mbps gàdàgbà. Kí á tú nọ́ńbà yẹn wò: àròpọ̀ ni. 574 lórí 2.4 GHz, 2402 lórí 5 GHz, 2402 mìíràn lórí 6 GHz, wọ́n rò ó pọ̀ bí ẹni tó ń ka owó tí kò sí lápò rẹ̀. Káàdì kò lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 6 GHz fẹ́ Windows 11, Core i5 ìran kẹta kò sì sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún un. 2402 fẹ́ chánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó 160 MHz. Wi-Fi 5 oní 80 MHz ni ráútà wọn, nítorí náà 866 ni òpin ohun tí àwọn méjèèjì lè jọ sọ. Láti fèrèsé dé máàsì ńkọ́? Nǹkan bí 20 Mbps ni 4G ń fún wọn lọ́sàn-án. Kò sí káàdì tó máa sọ 20 di 40. Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe eré, ìdúróṣinṣin ni.

Ohun tó dá káàdì àkọ́kọ́ padà kò tiẹ̀ kan eré rárá. Brákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn àpótí, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àpótí SFF fẹ́ èyí tó kúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Kò sí èyí kúkúrú nínú páálí. Ẹni tó tà á ní kí wọ́n yọ brákẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, kí wọ́n fi káàdì síbẹ̀ lásán. Ẹ má ṣe é. Brákẹ́ẹ̀tì ló ń gba agbára eríàlì mọ́ra. Bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ kọ́ eríàlì lábẹ́ tábìlì, káàdì á yọ gbọ̀ọ́rọ́ kúrò nínú sílọ́ọ̀tì nígbà tí iná wà lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a padà, ẹni tó tà á fi òmíràn lọ̀ wọ́n, owó rẹ̀ sì dínkù.

"AX201 nìyí, ó ju AX200 lọ."

Káàdì Wi-Fi Intel ni méjèèjì. Nọ́ńbà kan ló fi jù ú lọ, ìparun iṣẹ́ sì ni. AX200 àti AX210 ń sọ̀rọ̀ lórí PCIe, ọ̀nà tí káàdì inú ẹ̀rọ fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, wọ́n lè wọ bọ́ọ̀dù èyíkéyìí tó bá ní PCIe. AX201 àti AX211 jẹ́ ti CNVi: Intel ti kó apá kan iṣẹ́ Wi-Fi lọ sínú ọpọlọ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, káàdì náà ò sì dá dúró. Ó máa wọ inú M.2, ihò kékeré tí irú káàdì yìí ń wọ̀, wẹ́rẹ́, sìkúrù á dè é, ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀ pé ó dé. Bọ́ọ̀dù ìran kẹta ò gbọ́ orúkọ CNVi rí.

Èyí tí wọ́n rà gbẹ̀yìn ni AX200 lórí káàdì PCIe x1, tó ní brákẹ́ẹ̀tì méjì nínú páálí, eríàlì méjì, àti okùn Bluetooth. Wọ́n fi mọ́tò gbé e wá láti Ìkẹjà. Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n ní kí olùtajà ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára Intel fúnra rẹ̀, torí irin pupa tí wọ́n fi ń bo káàdì wọ̀nyí rẹwà ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Káàdì Realtek, ilé-iṣẹ́ mìíràn, náà dára lórí Windows, a kì í bú u. Ẹni tó bá ń lo Linux, ètò tó lè gba ipò Windows, ni kó dúró ti Intel: AX200 fẹ́ kernel (ọkàn Linux) 5.1 sókè, AX210 fẹ́ 5.10, iwlwifi, dírẹ́fà Intel inú rẹ̀, á sì gbé e. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7 kò ní rí dírẹ́fà AX200, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì. Kó wá káàdì àgbà bíi Intel 7260.

Ẹnìkan ṣí àpótí náà, ó ní kò sí sílọ́ọ̀tì fún un. Òótọ́ ni pé kò sí x1 kúkúrú níbẹ̀ (nọ́ńbà ẹ̀yìn x ń sọ iye ọ̀nà tí dátà ń gbà kọjá). X16 kan wà, àti òmíràn tó gùn bíi x16 ṣùgbọ́n tó jẹ́ x4 nínú. Káàdì x1 lè wọ gbogbo wọn. Ibi tó ṣẹ́kù á ṣófo, kò sí ohun tó máa ṣe é. PCI àtijọ́, èyí funfun gígùn tó wà lára àwọn ẹ̀rọ kan, ni kò bá a mu.

Ìkìbọ̀

Wọ́n ti gbé dírẹ́fà Wi-Fi àti ti Bluetooth sórí fíláàṣì ṣáájú, láti ojú-òpó Intel. Bí a bá gbàgbé, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ tan USB tethering, Windows á gbà á bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Wọ́n di Shift mú kí wọ́n tó tẹ Shut down, torí Windows 10 kì í kú tán bí wọ́n bá pa á lásán. Wọ́n fa okùn iná yọ lára ògiri. Ẹ wo bọ́ọ̀dù lásìkò yìí: iná kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ṣì máa tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Páwà ṣì ń fún bọ́ọ̀dù ní fóòtì 5 níwọ̀n ìgbà tí okùn bá wà lára ògiri, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ kú. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀, iná náà kú. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ tó lè wọ inú rẹ̀. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ mú, gbogbo ara gbẹ. Ẹni tó bá wọ nàílọ́nì nírú àsìkò yẹn lè fi ọwọ́ kan káàdì kó sì pa á láìmọ̀. Kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí níbi tí wọn ò kùn ní ọ̀dà. Erùpẹ̀ inú rẹ̀, ìta ni wọ́n ti fẹ́ ẹ jáde.

Pípààrọ̀ brákẹ́ẹ̀tì ló gba sùúrù jù. Sìkúrù kékeré méjì ló dè é mọ́ káàdì, nọ́ọ̀tì méjì sì wà lẹ́nu ibi tí eríàlì ti ń jáde. Láti ẹnu yẹn, wáyà méjì tó tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin lọ sórí AX200, orí wọn kò ju orí pínnì lọ. Ẹ má yọ wọ́n bí kò bá pọn dandan. Ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n ṣe ìdè yẹn fún láyé rẹ̀, wọn ò ṣe é fún ìtúlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yọ, ẹ gbé e lé orí rẹ̀ tààrà, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀; ẹ máa gbọ́ "tọ́". Bí ẹ bá fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, á fẹjú, á wà níbẹ̀ bí ẹni pé ó wọlé, ìdajì sígínà á sì ti lọ.

Káàdì wọ x4, wọ́n fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́gbọọgba títí irin wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi wọlé tán, wọ́n sì pa ìdè ẹ̀yìn. Eríàlì, ọwọ́ ni wọ́n fi dè é, kì í ṣe pùláyà.

Okùn Bluetooth ló kù. PCIe ló ń gbé Wi-Fi, ṣùgbọ́n USB inú bọ́ọ̀dù ló ń gbé Bluetooth, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀, tí wọ́n á sì máa pariwo pé káàdì ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Pínnì 9 ni lára bọ́ọ̀dù, ojú kẹwàá ṣófo, ihò kan nínú orí okùn sì dí kó má bàa wọlé lódìlódì. Ibi tí ó yẹ kó wọ̀ ti ní okùn rídà mẹ́mórì káàdì nínú. Rídà náà ti kú tipẹ́, wọ́n yọ ọ́, Bluetooth gba ipò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yìí nílò rẹ̀, torí oníbàárà tí dátà rẹ̀ ti tán ṣì máa ń fi Bluetooth rán fọ́tò tó fẹ́ tẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó tàn

Dírẹ́fà wọlé, Device Manager pe AX200 lórúkọ. Wọ́n tẹ páásìwọ́ọ̀dù, ó kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Páásìwọ́ọ̀dù ò ní ẹ̀bi. Nígbà kan tí àwọn ará hóstẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ń jẹ dátà wọn, ẹnìkan ti sọ fún ráútà pé ẹ̀rọ tí òun kọ MAC rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, sílẹ̀ nìkan ni kó gbà wọlé. MAC dóńgù ló wà nínú ìwé, káàdì tuntun sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n tẹ ipconfig /all, wọ́n da Physical Address rẹ̀ kọ, wọ́n fi fóònù wọ inú ráútà lọ fi kún un.

Ó wọlé. Wọ́n tún yẹ sígínà wò: 34% lórí 5 GHz, −83 dBm, rate 58.5. Lórí nọ́ńbà, káàdì tuntun burú ju dóńgù lọ.

Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ owó nù báyìí?"

Kò sọ ọ́ nù. 5 GHz kì í fẹ́ràn ògiri búlọ́ọ̀kù bíi 2.4 GHz, eríàlì sì wà lẹ́yìn àpótí irin, lábẹ́ tábìlì irin, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ibẹ̀ ni gbogbo owó káàdì ń ṣòfò sí. Eríàlì tó dúró sórí ìpìlẹ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú okùn ni wọ́n nílò. Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ni ti ráútà 4G, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dè é kó tó wo inú rẹ̀: ẹnu wọn tí a ń yí dè bá ara mu, ṣùgbọ́n SMA ni ti 4G, RP-SMA ni ti Wi-Fi. Ẹnu káàdì ní abẹ́rẹ́ kan láàárín. Eríàlì RP-SMA ní ihò tó máa gbà á, SMA ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Bí èèyàn bá dè é, abẹ́rẹ́ á pàdé abẹ́rẹ́, ọ̀kan á wọ́.

Wọ́n rí RP-SMA oníwáyà mítà kan. Ẹ má lọ kọjá ìyẹn bí kò bá nídìí, torí wáyà tín-ín-rín ń jẹ sígínà 5 GHz, ní gbogbo mítà ni. Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀fù ìwé, ó ga ju orí èèyàn lọ, níbi tí ó ti dojú kọ ògiri kẹ́mísìtì níbi tí fíríìjì wọn kò dí. Eríàlì kan dúró ṣánṣán, èkejì tẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ti gbé e láti ọwọ́ òsì ṣẹ́ẹ̀fù dé ọwọ́ ọ̀tún, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ tó 9%. Ìyẹn ni pé kí èèyàn fi netsh wò ó níbi mẹ́rin-márùn-ún kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan.

72%, −64 dBm, rate 390. Ping ọgọ́rùn-ún lọ, ọgọ́rùn-ún padà, púpọ̀ nínú wọn ní mílísẹ́kọ́ńdì 2 tàbí 3. Nínú Advanced lábẹ́ káàdì náà ní Device Manager, wọ́n sọ Preferred Band di 5 GHz, wọ́n sì lọ sí Power Management, wọ́n yọ àmì kúrò lára èyí tó ní kí kọ̀ǹpútà máa pa káàdì láti fi iná pamọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pa ẹ̀rọ lásán, wọ́n tún un tàn, Wi-Fi pòórá. Àmì òfeefèé wà lára rẹ̀, Code 10. Wọ́n ti fẹ́ dá káàdì padà sí Ìkẹjà. Fast startup Windows, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú tán, ló ń jí i dìde bí ẹni tó sùn, káàdì ò sì jí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n yọ okùn iná, wọ́n di bọ́tìnnì mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n tún un tàn: ó padà. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí Power Options, Choose what the power buttons do, wọ́n yọ Turn on fast startup kúrò. Kò tíì ṣe é mọ́.

Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, ẹ̀rọ náà á sì lọ sórí Linux láìpẹ́. Káàdì ò ní yí padà. Dóńgù wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú okùn USB rẹ̀. Windows mọ̀ ọ́n láìbéèrè dírẹ́fà, nítorí náà òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sí i bí wọ́n bá ní láti tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ náà kí Linux tó dé.